Ìgò Òfìfo Méjì

Ìgò mẹ́rìnlá ló tò sójú fóònù. Méjìlá kún dé ẹnu, méjì ṣófo. Nínú àwọn tó kún, omi aláwọ̀ méjìlá ti wọnú ara wọn: rẹ́ẹ̀dì lórí gíríìnì, yẹ́lò lábẹ́ píǹkì, búlúù méjì lórí ara wọn, pọ́pù níbi tí èèyàn kò retí rẹ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan gba ìpín omi mẹ́rin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín mẹ́rin tó fọ́n káàkiri. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbá géèmù náà ni kó máa da omi láti inú ìgò kan sí òmíràn títí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi ní ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó wà lókè nìkan ló ṣeé dà. Orí àwọ̀ tó bá a mu ló ṣeé dà á lé, tàbí inú ìgò tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí àyè kò bá sí níbi tí à ń dà á sí, kò ní lọ. Òfin rẹ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti mọ̀ ọ́n kéèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá.

Water Sort Puzzle lorúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù lára wọn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù. Géèmù olómi ni àwa ń pè é ládùúgbò. Ìpele ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í gba ìrònú. Àwọ̀ méjì, àwọ̀ mẹ́ta, ó ti tán. Bó ṣe ń lọ ni àwọ̀ ń pọ̀ sí i, ohun kan ṣoṣo ni kì í bá wọn pọ̀. Kí àwọ̀ jẹ́ márùn-ún, kó jẹ́ mẹ́sàn-án, kó jẹ́ méjìlá, ìgò òfìfo méjì náà ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ìgò méjì yìí, mo sì ti gbà pé àwọn gan-an ni géèmù náà. Àwọ̀ kàn ń gba ojú ẹni ni.

Ẹni tó bá ń gbé Festac nílùú Èkó kò ní ṣàìrí àkókò gbá a. Láti September 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láti Marina wá sí Mile 2, òun ni mo máa ń wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Á kọjá níbi gbọ̀ngàn ńlá Igànmú, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí National Theatre kí wọ́n tó fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́, á dúró ní Òrílé, á dúró ní Alaba, á já wa sílẹ̀ ní Mile 2. Ìyẹn kì í pẹ́. Láti Mile 2 wá sí First Gate ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí tírélà bá tò sójú títì Badagry, dírẹ́bà dáńfó á pa ẹ́ńjìnnì, kọ́ńdọ́ á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa á sì tẹrí ba sórí fóònù. Géèmù olómi kì í jẹ dátà lẹ́yìn téèyàn bá ti gbà á sórí fóònù tán, nítorí náà ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: ọmọ iléèwé, ìyá oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Trade Fair, sójà tó wọ múfùtì. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn. Àwọn kan á máa dà á wàràwàrà, àwọ̀ tí ojú wọn bá ti bà ni wọ́n á gbé. Àwọn mìíràn á gbé fóònù dání fún ìgbà pípẹ́ láìfi ìka kàn án, ìwọ á rò pé wọ́n ti sùn.

Bàbá mi jẹ́ irú àwọn kejì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbá géèmù fóònù rí. Ayò ni tirẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ìbò mú nígbà tí wọ́n pín ilé Festac lẹ́yìn àjọ̀dún àṣà ti 1977, ọpọ́n ayò sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ gbé wọ inú fúláàtì. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù wa, àwọn alábàágbé á rọ̀gbà yí ọpọ́n ká, wọn á máa bú òpè, wọn á máa ki ọ̀ta. Bàbá mi kì í pariwo. Á káwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ á máa rìn láti ojú ayò kan sí òmíràn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ojú tí òun fẹ́ kó kọ́ lòun ń wò, ibi tí ọmọ tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ òun máa bọ́ sí lòun ń wò. Mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà, mo kàn ń retí kó tètè ta kí ariwo lè bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà wá padà sí mi létí nígbà tí ìpele aláwọ̀ méjìlá yìí há mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í tí mo ṣírò rẹ̀. Àwọ̀ méjìlá, ìpín mẹ́rin mẹ́rin: 48. Ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin: 48. Ẹnu yà mí. N kò sọ pé àwọn tó ṣe géèmù náà wo ọpọ́n ayò kí wọ́n tó ṣe é, n kò sì rò bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló kàn pàdé. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí mo lè dì mú, nítorí láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ìgò bí ọmọ ẹni tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n.

Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, ìyàtọ̀ tó wúwo. Nínú ayò, ẹnìkan jókòó kọjú sí ọ. Bí o bá dákẹ́, ó mọ̀ pé ò ń wá nǹkan. Bí o bá kó ọmọ jọ sójú kan, ó rí i. Ohun tó le nínú rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn náà ní èrò tirẹ̀. Nínú géèmù olómi, kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ. Ẹni tó dí ọ lọ́nà ni ìwọ tí o da omi síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Síbẹ̀, mo gbà pé ayò ṣeé parí lọ́nà tí omi kò ṣeé parí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, ṣírò gbogbo ipò tí ọmọ lè wà lójú ọpọ́n awari, ẹ̀yà ayò tó sún mọ́ tiwa gan-an. Wọ́n lo kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ 144 wà nínú rẹ̀, ó sì gbà á ní wákàtí 51. Ipò tí wọ́n rí jẹ́ 889,063,398,406. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé bí ọ̀ta méjì bá pàdé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ṣì í ta, ọ̀mì ni wọ́n máa ta. Mo rò ó wò pé ká ní mo lè sọ èyí fún Bàbá mi. Á ní kí n kó ọmọ sójú ọpọ́n ná, ká rí i bí wọn ó ṣe ta ọ̀mì náà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí ìpele aláwọ̀ méjìlá náà ti ń dẹ pàkúté. Píǹkì wà lókè ìgò kejì, ó wà lókè ìgò karùn-ún. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ìgò kẹtàlá ṣófo, a da píǹkì méjèèjì sínú rẹ̀, inú ẹni á dùn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí píǹkì bá sì ti kúrò, yẹ́lò ló yọjú lábẹ́ rẹ̀ nínú ìgò méjèèjì. Yẹ́lò méjì tún nìyẹn. Ìgò kẹrìnlá ṣì ṣófo, ọwọ́ á tún da yẹ́lò síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rí mèremère. Ṣùgbọ́n píǹkì méjì tó kù wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan nínú ìgò kẹsàn-án, ọ̀kan nínú ìgò kọkànlá. Yẹ́lò méjì tó kù náà rì sísàlẹ̀ ibòmíràn. Ìgò kẹtàlá ti kún dé ààbọ̀, kò sì lè kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò kẹrìnlá rí bákan náà. Èèyàn á ṣì rí àwọ̀ eérú kan tì síhìn-ín tì sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà omi ò ní lọ mọ́. Kò sí ìgò tó ṣófo, kò sí èyí tó pé. Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ìdà kankan nínú rẹ̀ tó lòdì sófin, kò tiẹ̀ sí èyí tó dà bí àṣìṣe nígbà tí à ń ṣe é.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbọ́n kan wà tí kì í tàsé, ọgbọ́n tí èèyàn lè há sórí tí ìpele kankan kò ní dí i lọ́nà mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Japan ti bá wa wá a. Takehiro Ito, Ryuhei Uehara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2022 lórí géèmù olómi yìí àti èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú ti bọ́ọ̀lù, ẹyọ kan ni à ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Nínú ti omi, bí àwọ̀ kan náà bá to méjì tàbí mẹ́ta lókè, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn lọ pa pọ̀. Èèyàn á rò pé bọ́ọ̀lù fúnni lómìnira ju omi lọ. Wọ́n fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ètò èyíkéyìí tó bá ṣeé tò nínú ọ̀kan ṣeé tò nínú èkejì. Wọ́n sì fi hàn pé géèmù náà wà lára ẹ̀yà ìṣòro tí wọ́n ń pè ní NP-complete.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí kò ṣòro láti yé ẹni tó ti gbá a rí. Bí ẹnìkan bá gbé ìdáhùn fún ọ, pé da èyí síbí, da ìyẹn sọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ kí o tó mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Wíwá ìdáhùn náà ni kò ní ọ̀nà àbùjá kankan tí ọmọ aráyé mọ̀, bí ìgò bá ti ń pọ̀ tí ó sì ń pọ̀. Láti 1971 tí Stephen Cook ti la ọ̀nà sí ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ti ń rí i pé irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wà níbi gbogbo: kí a to ẹrù sínú ọkọ̀, kí a ṣe táímùtébù iléèwé láìfi tíṣà kan sí kíláàsì méjì lákòókò kan náà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà yíyára fún ọ̀kan nínú wọn ti rí ti gbogbo wọn. Clay Mathematics Institute ní Amẹ́ríkà ti ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ láti 2000 fún ẹni tó bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, bóyá ọ̀nà náà wà tàbí kò sí. Kí n má bàa sọ̀rọ̀ jù, ìgò mẹ́rìnlá kì í ṣe wàhálà fún kọ̀ǹpútà. Á tò ó kí o tó mí. Ìgò tó ń pọ̀ láìní òpin ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀ ó wú mi lórí pé ohun tí ọmọ iléèwé ń gbá nínú dáńfó jẹ́ ọmọ ìyá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi gbogbo ayé wọn wá.

Ohun kan dájú nínú ìṣirò náà tí kò nílò ọ̀mọ̀wé: bí ìgò òfìfo bá ti tó, kò sí ìdàrúdàpọ̀ tí kò ṣeé tò. Àwọn tó ni géèmù mọ èyí. Nísàlẹ̀ ojú fóònù, bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ìgò àti àmì ìròpọ̀ sí. Tẹ̀ ẹ́, wo ìpolówó tán, wọ́n á fi ìgò òfìfo kan kún tìrẹ. Wọn kì í ta àwọ̀. Wọn kì í ta ìdáhùn. Òfìfo ni wọ́n ń tà, nítorí òun ló wọ́n. N kì í tẹ bọ́tìnì yẹn, kì í ṣe nítorí ìgbéraga, ó kàn máa ń mú ohun tí mo wá síbẹ̀ kúrò níwájú mi ni.

Ẹ tún wo èyí. Bí èèyàn bá parí ìpele náà tán, àwọ̀ méjìlá á wà nínú ìgò méjìlá, méjì á sì tún ṣófo gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó jẹ òfìfo run. Àyálò ni. Wọ́n yá ọ ní àyè méjì láti fi ṣiṣẹ́, o sì dá a padà pé pérépéré. Ibi tí mo dé nínú ìrònú yìí nìyẹn tí ọkàn mi fi kúrò lórí fóònù, tó sì lọ sí ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wa.

Festac kì í ṣe ìlú tó kàn hù. Orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà á. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù January sí ọjọ́ 12 oṣù February 1977, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, kí àwọn òṣèré, oníjó, olórin àti ọ̀mọ̀wé tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 lè rí ibi sùn. Títì rẹ̀ ní nọ́ńbà dípò orúkọ ìjòyè. Avenue wà láti ti àkọ́kọ́ dé ìkeje, road sì máa ń yọ láti ara avenue pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ níwájú, tí ó fi jẹ́ pé ara 2nd Avenue ni 21 Road, 22 Road, 23 Road àti 24 Road ti yọ. Close á tún yọ láti ara road, pẹ̀lú lẹ́tà A, B, C. Ẹni tó bá mọ ìlànà yìí kò ní sọnù níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé bí gbogbo ìlú ṣe rí nìyẹn, àfìgbà tí mo lọ kí àwọn ẹbí wa ní Mushin.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló dára jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọn kò kọ́ nǹkan sí ló dára jù. Àárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù fẹ̀. Pápá wà lẹ́yìn close, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí àwa ọmọbìnrin ti ń ta tẹ̀ń-tẹ̀ń. Ẹ̀gbẹ́ títì ní koríko àti gọ́tà jíjìn tó ń gbé omi lọ. Ẹni tó ṣe ìyàwòrán ìlú náà mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ní ìnáwó, tí a ó nílò ibi tí a ó pàgọ́ sí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí páìpù abẹ́ ilẹ̀ á bẹ́, tí wọ́n á nílò ibi tí wọ́n á gbẹ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òjò á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ilẹ̀ òfìfo náà ti kún báyìí. Ẹ kò ní rí ọjọ́ kan pàtó tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ló kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ pápá wa, onípákó ni, kò gba àyè. Mẹ́káníìkì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni bíríkì dé, lẹ́yìn náà ni fẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó wá ní ìdí tirẹ̀, mo sì mọ àwọn kan lára wọn. Ẹni tó ń wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́. Bí ẹ bá wo ìkọ̀ọ̀kan, kò burú. Ṣùgbọ́n nílùú Èkó, ilẹ̀ tó bá ṣófo, ojú tí a fi ń wo ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ la fi ń wò ó. A kì í béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹnu wa kì í gbà á pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìyẹn hàn kedere nígbà òjò. Ilẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin lọ sílẹ̀. Àbàtà àti ẹsẹ̀ odò ló yí wa ká, àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ náà mọ ibi tí a ń kọ́lé sí àti ibi tí a ń fi sílẹ̀ fún omi. Lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀, àbàtà jẹ́ òfìfo tó ń ṣòfò, nítorí náà wọ́n ti fi iyanrìn dí púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé aláràbarà sì ti dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tó dé, tó bá gọ́tà tí wọ́n kọ́lé lé lórí, tó dé etí àbàtà tó bá iyanrìn, kò ní pòórá. Pálọ̀ wa ló máa wọ̀. Mo ti fi páànù bu omi nínú pálọ̀ láàárín òru, mò ń bù ú láti ibì kan, mò ń wá ibi tí mo lè dà á sí, ojúde náà kún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò nílò géèmù kankan láti sọ fún mi ohun tí ìgò òfìfo wà fún.

N kò ní bo ohun tí mo fẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀nba pápá tó kù ní Festac sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n ṣí ojú gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má sì tún ta àbàtà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí wọ́n má sọ pé àwọn fẹ́ lò ó fún nǹkan. Ó ti ń ṣe nǹkan.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan, tó wà ní girama, ló bá mi to ìpele aláwọ̀ méjìlá yẹn níkẹyìn. Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wá gba iná sólà fún fóònù rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó jókòó tì mí láìjẹ́ pé mo pè é. Mo ti ń gbé ìka lọ síbi píǹkì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Kí ló wà nísàlẹ̀ ìgò kọkànlá?"

Mo wò ó. Píǹkì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Búlúù kan wà lórí píǹkì náà, gíríìnì méjì sì wà lókè.

"Ó ti nílé tiẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé àwọn tó jókòó lé e lórí lọ."

Bí ẹni pé Bàbá mi ló rán an. Ìsàlẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í wò láti ibẹ̀ lọ. Ìgò kẹta ní gíríìnì nísàlẹ̀, rẹ́ẹ̀dì lórí rẹ̀, búlúù méjì lókè. Ìgò keje ní búlúù kan lókè, rẹ́ẹ̀dì ló wà lábẹ́ rẹ̀. A da búlúù méjì ìgò kẹta sí ìgò kẹtàlá tó ṣófo. A da búlúù ìgò keje tẹ̀ lé e, ó di mẹ́ta. Ìgò keje ti ní àyè kan, rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ti yọjú, nítorí náà a da rẹ́ẹ̀dì ìgò kẹta lé e lórí. Gíríìnì nìkan ló wá kù nínú ìgò kẹta, àyè mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀. A da gíríìnì méjì tó wà lókè ìgò kọkànlá sórí rẹ̀. Búlúù yọjú nínú ìgò kọkànlá, òun ló gbẹ̀yìn, a dà á sí ìgò kẹtàlá, búlúù pé mẹ́rin. Píǹkì nìkan ló kù nínú ìgò kọkànlá. Píǹkì ìgò kejì lọ bá a, ti ìgò karùn-ún lọ bá a. Yẹ́lò ìgò kejì dà lé yẹ́lò ìgò karùn-ún. Ìgò kẹrìnlá wà níbẹ̀, a kò tíì fọwọ́ kàn án.

Láti ibẹ̀, ìpele náà tú. Kì í ṣe pé kò sí ìṣòro mọ́, pọ́pù fẹ́ dà wá láàmú ní apá kejì, ṣùgbọ́n èèyàn tó bá ní ìgò òfìfo lọ́wọ́ tí àwọ̀ kan sì ti kúrò nílẹ̀ fún un kì í ní ìpayà. A parí rẹ̀ kí fóònù rẹ̀ tó kún.

Mo ní píǹkì ló ń ti ìpele náà pa, pé ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gbé e ti kó sí wàhálà. Ọmọ náà kò gbà. "Àǹtí, ẹ ń bú píǹkì lásán ni. Òun náà lè ṣáájú." Mo ní báwo. Ó tún ìpele náà bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lójú mi. Ó da píǹkì méjèèjì sí ìgò kẹtàlá, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kó sínú pàkúté yẹn gan-an. Nígbà tí yẹ́lò yọjú, kò sún mọ́ ìgò kẹrìnlá rárá. Ó da yẹ́lò ìgò kejì lé ti ìgò karùn-ún lórí, ó fi í síbẹ̀. Búlúù ló wá fún ní ìgò kẹrìnlá: ti ìgò kẹta, ti ìgò keje. Rẹ́ẹ̀dì lé rẹ́ẹ̀dì, gíríìnì lé gíríìnì, búlúù tó gbẹ̀yìn wọlé. Píǹkì ìsàlẹ̀ ìgò kọkànlá bọ́ sí ìgò kẹtàlá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgò kọkànlá sì ṣófo.

Mo ka ìdà rẹ̀. Ẹyọ kan ló fi ju tiwa lọ, ibì kan náà ló sì já sí. Píǹkì kò jẹ̀bi nǹkan kan. Yẹ́lò náà kò jẹ̀bi. Ibi tó yẹ kó lọ wà nítòsí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nínú ìgò karùn-ún, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òfìfo ta á lọ́rẹ.